Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi jẹ búrẹ́dì bí ẹni ń lo oògùn

Dókítà kan ṣoṣo ló sọ fún mi rí pé kí n lọ máa jẹ búrẹ́dì. Ó ní kí n jẹ ẹ́ láàárọ̀, kí n jẹ òun tàbí sẹ̀mó lálẹ́, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Nígbà tó sọ ọ́, oṣù mẹ́rin ni mo ti fi sá fún búrẹ́dì, mo sì ti ń jẹ́rìí fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ló ń pa mí tẹ́lẹ̀. Mo jókòó síwájú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó padà wọ ilé tó ń jó.

Mo fẹ́ sọ ìtàn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní àìsàn tairọ́ìdì ló ń gbọ́ lónìí pé bí wọ́n bá ti pa àlìkámà tì, ara wọn á yá. Èmi náà gbọ́ ọ. Èmi náà sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ó sì ṣe ẹni tí mo fẹ́ràn ní jàǹbá.

Ọdún 2018 ni àárẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni iṣẹ́ mi, òru ni mo sì ń ṣe é, nítorí náà mi ò fura. Ta ni yóò ṣiṣẹ́ mọ́jú, tí yóò tún sin ọmọ méjì lọ sí ilé ìwé láàárọ̀, tí kò ní rẹ̀ ẹ́? Ṣùgbọ́n àárẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí oorun ń wò. Mo lè sùn fún wákàtí mẹ́wàá kí n jí bí ẹni tí wọ́n lù mọ́jú. Mo wọ súẹ́tà nínú oṣù Keje, nígbà tí àwọn ọmọ mi ń jẹ áísìkiriìmù níta. Irun mi ń já sára kóòmù ní ìdì ìdì. Nǹkan oṣù mi di àkúnya. Ohùn mi ki, ó sì wálẹ̀ débi pé olórí akọrin wa mú mi kúrò láàárín àwọn tó ń kọ ohùn òkè, ó fi mí sáàárín àwọn álítò. Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni pé mo gbàgbé orúkọ màmá arúgbó kan tí mo ti ń wẹ̀ láti ọdún méjì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, mo di tówẹ̀lì mú, orúkọ kò wá.

Màmá mi ló kọ́kọ́ rí i. A wà lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àwọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi nínú kíṣìnì mi. Mo gbé orí sókè láti mú iyọ̀ lórí pẹpẹ.

"Ìyá Ìbejì, dúró ná. Kí ló wà lọ́rùn rẹ yẹn?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, Màámi. Ara tí mo gbà ni."

"Ara kọ́. Gẹ̀gẹ̀ nìyẹn. Ìyá bàbá mi ní in, mo mọ̀ ọ́n bí mo bá rí i. Lọ sí ọsibítù lọ́la."

Mi ò lọ lọ́la. Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó lọ, ọdún 2019 ti wọlé. Ó dùn mí pé mo fi oṣù wọ̀nyẹn ṣòfò nígbà tí ìyá mi ti fi ojú lásán rí ohun tó ń ṣe mí láti òkè òkun.

Ẹ̀yà ara kékeré kan wà níwájú ọrùn, tó na apá méjì bí labalábá. Tairọ́ìdì nìyẹn. Áyódíìnì inú oúnjẹ ló ń gbà tó fi ń ṣe èròjà méjì tí wọ́n ń pè ní T4 àti T3, àwọn méjèèjì ló sì ń pàṣẹ bí ara ṣe máa yára tó: bí ọkàn ṣe ń lù, bí oúnjẹ ṣe ń dà, bí ara ṣe ń móoru, bí orúkọ ènìyàn ṣe ń wá síni lẹ́nu. Bí tairọ́ìdì bá ń jáfara, ẹ̀yà ara kékeré mìíràn tó wà lábẹ́ ọpọlọ á máa pariwo mọ́ ọn pé kó ṣiṣẹ́. Ariwo yẹn ni wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní TSH. Nǹkan bíi 0.4 sí 4 ni ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Tèmi jẹ́ 41.

Àwọn ọmọ ogun ara mi, àwọn tó yẹ kó máa bá àrùn jà, ló dojú ìjà kọ tairọ́ìdì mi. Dókítà ní Hashimoto lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Màámi, wọ́n bi mí pé ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀, mo lọ kà á. Dókítà ni ní ilẹ̀ Japan, Hakaru Hashimoto. Ní 1912 ó kọ̀wé nípa obìnrin mẹ́rin tí gẹ̀gẹ̀ wọn yàtọ̀ sí èyí tí àwọn dókítà mọ̀, nítorí sẹ́ẹ̀lì funfun ti inú ẹ̀jẹ̀ ti kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ó kú ní 1934. Kò sí láyé mọ́ nígbà tí àwọn olùwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn, ní 1956, pé ara fúnra rẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ jà. Mo sábà máa ń ronú nípa àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn. Mi ò mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe rẹ̀ wọ́n.

Oògùn wà fún un, oògùn gidi. Ní 1891, ní Newcastle, George Murray fa omi inú tairọ́ìdì àgùntàn, ó ń gún un lábẹ́rẹ́ fún obìnrin ẹni ọdún 46 kan tí àìsàn yìí ti sọ di ahẹrẹpẹ. Obìnrin náà tún lo ọdún 28 láyé. Tiwa kì í ṣe ti àgùntàn mọ́: hóró funfun kékeré kan ni, levothyroxine, T4 tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́. Ní England, ẹni tí tairọ́ìdì rẹ̀ ti kọṣẹ́ bíi tèmi kì í sanwó rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ owó yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Máíkírógíráàmù 50 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ó di 75, ó di 100. TSH mi bọ́ sí 14, ó bọ́ sí 9, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó rí ilé. Wọ́n gbé oògùn lọ sí 125, sí 150, sí 175. Kò yẹ̀. Apòògùn àdúgbò wa, ọkùnrin onísùúrù kan, ló wá bi mí pé, "Báwo lẹ ṣe ń lò ó?" Tíì oní-mílíìkì ni mo fi ń gbé e mì, pẹ̀lú hóró irin tí wọ́n fún mi nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò tó. Ó mi orí. Ó ní omi lásán ni kí n máa fi gbé e mì, lórí òfìfo inú, kí ó tó ìdajì wákàtí ó kéré tán kí n tó fi nǹkan kan sẹ́nu. Ó ní irin àti kálísíọ̀mù kò gbọ̀dọ̀ sún mọ́ ọn, kí wákàtí mẹ́rin wà láàárín wọn. Mo ṣe bó ṣe wí. Ó dín kù díẹ̀, kò dín tó. Irin inú ẹ̀jẹ̀ mi náà kò gbéra, bí mo ṣe ń gbé e mì tó.

Ìgbà yẹn ni arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun náà ní tairọ́ìdì. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ pa gúlúténì tì. Gúlúténì ló ń bá wa jà." Mo délé, mo wo fídíò kan, mo wo ogún. Gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ta nǹkan.

Gúlúténì kì í ṣe májèlé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti po fúláwà fún puff-puff rí ti fi ọwọ́ kàn án: òun ló ń mú kí èyí tí a pò máa fà bíi rọ́bà, òun ló ń mú kí búrẹ́dì Agége ṣeé fà ya. Inú àlìkámà ló wà, àti inú bálì àti ráì. Kò sí nínú àgbàdo, kò sí nínú ìrẹsì, kò sí nínú iṣu, kò sí nínú ẹ̀gẹ́.

Nínú oṣù Kẹwàá 2021 ni mo pa á tì. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ikùn mi tó máa ń wú lálaalẹ́ fi rọlẹ̀. Mo fúyẹ́. Orí mi mọ́lẹ̀. Mo dìde ní ọjọ́ ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ pẹ̀lú omijé. Mo sì pe àbúrò mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn, nítorí òun náà ní Hashimoto. Àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí. Mo ní, "Mo bẹ̀ ẹ́, má fẹnu kan búrẹ́dì mọ́." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí."

Dókítà tí mo bá pàdé nínú oṣù Kejì 2022 jẹ́ ọ̀dọ́, obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ka fáìlì mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó lo àkókò. Ó ní, "Ǹjẹ́ ẹnì kan ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún sẹ́líàkì rí?" Mo ní rárá, mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní àìsàn tí ara fi ń bá gúlúténì jà ni, tí ìfun sì ń fara gbá a. Ó ní láti 2015 ni ìlànà tí àwọn ń tẹ̀ lé ti sọ pé kí wọ́n fi àyẹ̀wò náà lọ ẹni tó bá ní irú tairọ́ìdì mi, láti ìgbà tí wọ́n bá ti rí i. Kò sẹ́ni tó fi lọ̀ mí. Ní ọdún kan ṣáájú, nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún mi pé àìsàn òyìnbó ni àìsàn tó ń kọ gúlúténì yìí, òun ò rí i lára aláwọ̀ dúdú rí. Mo gbà á gbọ́ nígbà yẹn. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn.

Inú mi dùn láti sọ fún dókítà pé mo ti pa gúlúténì tì fúnra mi. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ṣàlàyé fún mi pé ohun tí àyẹ̀wò náà ń wá ni ìjà tí ara ń bá gúlúténì jà. Bí mi ò bá jẹ gúlúténì, kò sí ìjà, bí kò bá sí ìjà, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí nǹkan sọ. Àyẹ̀wò lè sọ pé mi ò ní in, nígbà tí mo ní in. Kí n padà jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́, kí n tó wá.

Ọjọ́ 42. Mo kọ wọ́n sára kàlẹ́ńdà ara ilẹ̀kùn fíríìjì. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, lẹ́yìn tí mo bá ti lo oògùn mi, tí ìdajì wákàtí sì ti kọjá, màá gé búrẹ́dì méjì, màá dúró ti síǹkì, màá jẹ ẹ́. Mi ò lè jókòó ti oúnjẹ tí mo mọ ohun tó máa ṣe. Lálẹ́, sẹ̀mó àti ẹ̀fọ́ rírò. Kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó pé, ikùn mi ti wú débi pé ẹnì kan níbi iṣẹ́ kí mi kú ewu oyún. Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, egbò nínú ẹnu. Orí mi tún dúdú padà. Àwọn ìbejì mi ń bi mí pé, "Mummy, why are you eating it?" mo sì ń sọ fún wọn pé mò ń wá ohun tó sọ nù. Màámi ń pè lálaalẹ́. Wọn ò sọ rí pé kí n jáwọ́. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé, "Ó ku mélòó?"

"Ó ku mọ́kàndínlógún, Màámi."

"Olúwa á mú un pé."

Èsì ẹ̀jẹ̀ jáde, sẹ́líàkì ni. Nínú oṣù Keje wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí gba ọ̀fun mi lọ sínú ìfun, wọ́n gé bíńtín níbẹ̀ láti yẹ̀ wò. Dókítà fi àwòrán hàn mí, ó sì yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí mo mọ aṣọ. Inú ìfun kékeré ti ẹni tí ara rẹ̀ dá dà bí àrán: irun wẹ́wẹ́ bò ó, ara irun wẹ́wẹ́ yẹn ni oúnjẹ àti oògùn ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Tèmi ti dà bí àrán tí wọ́n ti wọ̀ gbó, tí ìdí rẹ̀ ti ń dán. Bí gúlúténì bá ti dé ibẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara mi á tún dìde, wọ́n á sì máa gbá irun náà dànù. Gbogbo levothyroxine tí wọ́n ń fi kún un fún mi láti 50 dé 175, inú ajere ni wọ́n ń da omi sí. Irin náà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé oògùn kò dára, kì í ṣe pé mi ò lò ó. Kò ríbi wọlé.

Dókítà àwọn ọmọdé kan ní Netherlands, Willem-Karel Dicke, ló fi ọwọ́ ìdánilójú kan àlìkámà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti ń fura sí i kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ebi wọ ìlú wọn ní òtútù 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì di ohun àwátì, àwọn ọmọ tó ní sẹ́líàkì ń gbádùn nígbà tí àwọn yòókù ń rù. Búrẹ́dì padà dé, àìsàn wọn padà dé. Mo ka ìyẹn lórí ibùsùn ní ọsibítù, mo sunkún fún àwọn ọmọ náà àti fún ara mi.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí kò ní jẹ gúlúténì títí ayé. Kí ọdún kan tó pé, wọ́n ti dín oògùn mi kù láti 175 sí 125. TSH mi di 2.3. Irin inú ẹ̀jẹ̀ mi gòkè. Orúkọ ènìyàn padà sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀: Hashimoto mi kò lọ. Àwọn ọmọ ogun yẹn ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, mo ṣì ń lo oògùn mi láràárọ̀, màá sì máa lò ó. Ìfun mi ni oúnjẹ wò. Nígbà tí ìfun san, ó ríbi gba oògùn tairọ́ìdì.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni mo ń rò tí mo bá ń sọ èyí. Oṣù márùn-ún ló fi pa búrẹ́dì, mítípáì, núdùsì àti sẹ̀mó tì nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Kò dúró síbẹ̀. Ó ń ra fúláwà aláìní-gúlúténì àti bisikíìtì aláìní-gúlúténì láti àwọn sọ́ọ̀bù ńlá, owó gọbọi. Ní Ìbàdàn, kò sí ìwé tó ń mú kí levothyroxine jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó àpò rẹ̀ ló fi ń rà á, owó rẹ̀ sì ń gorí ara wọn. Kò sọ fún mi pé òun ti ń lo hóró kan fún ọjọ́ méjì kí owó lè tó ra fúláwà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò lè dìde lórí ibùsùn, ni ọkọ rẹ̀ pè mí. Ó pẹ́ kó tó rí ilé àyẹ̀wò tó ń ṣe ti sẹ́líàkì, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí òun náà kọ́kọ́ jẹ búrẹ́dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó jẹ ẹ́. Kò sí ohun tó ṣe é. Èsì jáde: kò ní in.

Oògùn rẹ̀ ni a wá dojú kọ. Ó ń lò ó bó ṣe yẹ báyìí, lójoojúmọ́, lórí òfìfo inú, èmi ni mo sì ń fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Ara rẹ̀ yá. Ó ń jẹ búrẹ́dì. Ọmọ ìyá kan náà, àìsàn kan náà, oúnjẹ wa kò jọra.

Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ní Hashimoto, bíi méjì sí márùn-ún ló tún ní sẹ́líàkì. Ó ju ti àwọn ènìyàn yòókù lọ, òun ló fà á tí àyẹ̀wò fi yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní in ló pọ̀ jù, àwọn wọ̀nyí gan-an ni wọ́n ń ta fídíò fún. Mo ti wá ẹ̀rí kiri fún wọn. Àwọn olùwádìí kan ní Poland tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2019 nípa obìnrin 34 tó ní Hashimoto. Apá kan wọn pa gúlúténì tì fún oṣù mẹ́fà. Ìjà tí ara ń bá tairọ́ìdì jà dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n TSH wọn kò kúrò níbi tó wà. Obìnrin 34 kò pọ̀, oṣù mẹ́fà kò pẹ́. Bí ẹnì kan bá jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò ní sẹ́líàkì, tó sì tún rí i pé ara òun fúyẹ́ láìsí àlìkámà, mi ò ní bá a jà. Ara rẹ̀ ni. Ẹni tí màá bá jà ni ẹni tó bá sọ fún un pé kó fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti ìdáná, mo bẹ̀rẹ̀ bí aláìmọ̀kan, mo ń ra búrẹ́dì aláìní-gúlúténì tó kéré bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, tí owó rẹ̀ sì tó ìlọ́po ti búrẹ́dì gidi. Màámi ló la ojú mi. Mo ń ṣàròyé fún wọn pé kò sí ohun tí mo lè jẹ mọ́. Wọ́n ní, "Ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́? Àlìkámà wà nínú ewùrà ni?" Wọ́n ń kà á lọ: gàrí, àmàlà, iyán, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, ọ̀jọ̀jọ̀, ẹ̀gbo, dòdò, ìrẹsì ọ̀fadà. Gbogbo ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Búrẹ́dì tí mò ń sunkún lé, àlejò ni. Ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní 1913, ló dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta ní 1921, tí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Nígbà tí èmi pa búrẹ́dì tì ní 2021, ọgọ́rùn-ún ọdún ló pé géérégé, mo sì ti gbà pé àkàrà kò ṣeé jẹ láìsí i.

Síbẹ̀, ìkòkò wa kò mọ́ tó bí mo ṣe rò. Sẹ̀mó, àlìkámà ni. Fùfú inú páálí tí mo rà ládùúgbò wa, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀, mo bá àlìkámà níbẹ̀. Èròjà amọ́bẹ̀dùn kan náà bẹ́ẹ̀. Mọ́ọ̀tì inú ìgò tí mo fẹ́ràn láti kékeré, bálì ló kọ síbẹ̀. Òfin níbí ni pé ohun tí wọ́n bá kọ "gluten-free" sí kò gbọ̀dọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 lọ nínú kílógíráàmù kan. Bí ó ṣe kéré tó nìyẹn kó tó wu ẹni tó ní sẹ́líàkì léwu. Nítorí náà, àkàrà òde àríyá, tí wọ́n bá fi òróró tí wọ́n fi dín puff-puff dín in, mi ò lè jẹ ẹ́, ẹ̀wà gidi ì báà wà nínú rẹ̀. Ó ṣòro láti ṣàlàyé fún ìyá ìyàwó tó gbé àwo oúnjẹ wá fúnra wọn. Mo kọ́ láti kúnlẹ̀ kí n tó kọ̀ ọ́. Mo máa ń sọ pé, "Mummy, ẹ má bínú, ìfun mi ló ní ọgbẹ́." Ọgbẹ́ máa ń yé ènìyàn ju gúlúténì lọ.

Màámi bi mí nípa gàrí, torí wọ́n gbọ́ lórí rédíò pé ẹ̀gẹ́ ń fa gẹ̀gẹ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Májèlé kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Bí wọn ò bá rẹ ẹ́ dáadáa, tí áyódíìnì kò sì tó nínú oúnjẹ ènìyàn, ó lè dí tairọ́ìdì lọ́wọ́. Gàrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n fi sílẹ̀ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n fún, tí wọ́n sì yan, ti yàtọ̀ sí ẹ̀gẹ́ tútù, iyọ̀ tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà náà sì ní áyódíìnì nínú. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, mò ń mu gàrí mi.

Oúnjẹ Olúwa ló ká mi lára jù. Àlìkámà ni àkàrà pẹlẹbẹ funfun tí wọ́n ń pín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fún oṣù mẹ́ta, mò ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì nígbà tí àwọn yòókù ń lọ síwájú, mi ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó àlùfáà ló wá bi mí léèrè. Nígbà tí mo sọ ọ́, ìyá náà dákẹ́, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àwo kékeré mìíràn wà lórí tábìlì, ó ní ìdérí tirẹ̀, àlùfáà sì kọ́kọ́ fọ ọwọ́ kó tó gbé e wá bá mi.

Oṣù Kejìlá 2023 ni mo lọ sílé. Àbúrò mi wá láti Ìbàdàn. Màámi ti ra agbada tuntun sílẹ̀ dè mí, wọ́n so òwú pupa mọ́ etí rẹ̀ kí ọmọ ọ̀dọ̀ má baà fi dín nǹkan mìíràn. Wọ́n ti lọ bá ìyá ẹlẹ́rọ tó ń lọ ẹ̀wà ládùúgbò, wọ́n bi í bóyá ó ń lọ àlìkámà pẹ̀lú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà máa ń gbé e wá, wọ́n ń fi rokà. Màámi gbé ẹ̀wà wọn padà sílé. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìró kan tí mi ò gbọ́ láti ìgbà èwe mi. Mo jáde sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti hú ọlọ ìyá àgbà jáde, wọ́n ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, àbúrò mi sì kúnlẹ̀ tì í, ó ń lọ ẹ̀wà bíbó. Òógùn ń kán lójú rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n gbà á. Ó ní, "Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó kù díẹ̀."

Màámi dín àkàrà náà fúnra wọn nínú agbada olówùú pupa. Nígbà tí a jókòó láti jẹ ẹ́, àbúrò mi ti ní kí wọ́n ra búrẹ́dì Agége wá fún òun. Ó wò mí, ó wo búrẹ́dì náà. Ó gbé àga rẹ̀ lọ sí ìkángun kejì tábìlì, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ kí èérún má baà fò wá sọ́dọ̀ mi, ó wá fi àkàrà sáàárín búrẹ́dì rẹ̀, ó bù ú jẹ.